Ẹran Iléyá Ló Ba Iṣẹ́ Mi Jẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè rẹ̀ wá bá mi ní Bódìjà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà tó ń jẹ purotéènì dáadáa máa ń lágbára lọ́wọ́ ju ẹni tí kò rí i jẹ. Iṣẹ́ gidi ni. Ìgbà tí mo rí ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, mo ní kó jókòó.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ẹ̀rọ yín lò, ìyẹn èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ fún pọ̀ ká lè wọn agbára ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ fún un jókòó, kó ká ìgbọ̀nwọ́, kó fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ èyí tó ga jù. Obìnrin tí kò bá tó kìló 16, ọkùnrin tí kò bá tó 27, àwọn onímọ̀ Yúróòpù ní agbára ti ń dín lára onítọ̀hún. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkejì, ẹ má gba "àmàlà" lásán bí ìdáhùn. Ará Ìbàdàn tó jẹ àmàlà lè má dárúkọ gbẹ̀gìrì, lójú tiẹ̀ ọbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀, gbẹ̀gìrì ló gbé purotéènì wá sínú abọ́: ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù ní tó gíráàmù 23. Èlùbọ́ ò ní nǹkan tó yẹ ká pariwo lé lórí.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí.

Lọ́dún 2009, ASUU yanṣẹ́lódì fún bí oṣù mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, irú ìwádìí yìí lèmi náà ń ṣe. Ìgbà tá a wọlé lóṣù kẹwàá, eré àsápajúdé ni gbogbo wa ń sá ká lè parí iṣẹ́ wa. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, 27 oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo ti wà l'Ọjà Ọba, mò ń bi àwọn ìyá ọlọ́jà ohun tí wọ́n jẹ lánàá. Ìyá kan wà tó ń lọ ata, ó fi ọwọ́ fún ẹ̀rọ mi pọ̀, ó gbé kìló 26. Mo ní, "Ìyá, ẹran mélòó lẹ jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mẹ́fà, ńlá ńlá. Mo kọ ọ́. Ẹni tó tẹ̀lé e jẹ márùn-ún. Ẹnì kẹta náà, márùn-ún. Kò tiẹ̀ fu mí lára. Àwọn onígbàgbọ́ inú wọn gan-an jẹ ẹran, ta ni aládùúgbò ẹ̀ kì í gbé ẹran Iléyá fún n'Ìbàdàn?

Mo ṣe ìṣirò, ẹni tó lágbára àti ẹni tí kò ní, ọgbọọgba ni purotéènì wọn. Mo wá fi gbogbo ẹnu kọ ọ́ pé oúnjẹ ò kan agbára ọwọ́. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi kà á, ó buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, olùyẹ̀wò tó wá láti ìta ṣí ojú ìwé kan, ó ní, "Ọjọ́ wo lo lọ sọ́jà?" Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Iléyá lo wọ̀n, o ò wọn oúnjẹ àwọn ìyá yìí." Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kìlọ̀ fún mi. Irọ́ ni! Ọ̀gá yìí kan náà ló di ẹran Iléyá sínú ọ̀rá dúdú fún mi lọ́sẹ̀ ọ̀hún, tó ní kí n fi se ọbẹ̀ kí n lè lókun lọ ọjà. Mi ò tíì gbàgbé.

Lóṣù kẹta 2010, mo fi owó ara mi padà lọ. Ọjọ́ méjì tí kò tẹ̀léra ni mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń lọ ata ní, "Ọmọ mi, ẹran kẹ̀? Pọ̀nmọ́ ni." Pọ̀nmọ́ méjì. Awọ mà ni pọ̀nmọ́, purotéènì inú ẹ̀ ò pé, ẹyin kan tó ní gíráàmù 6 wúlò jù ú lọ. Ìwúwo ara màmá yìí tó kìló 60, ó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Ó yẹ kó máa rí gíráàmù 60 sí 72 lóòjọ́. Kò sún mọ́ ọn rárá.

Ó tún fún ẹ̀rọ. Kìló 26 náà ni.

Ìgbà náà ni mo wo apá rẹ̀ dáadáa. Garawa ata ló ń gbé sókè láti òwúrọ̀ dalẹ́, fọ́ọ̀mù mi ò sì béèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ yẹn ń ṣe.

Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ibo ló ti béèrè tiẹ̀. Ó ń ṣí ìwé síwá, ó ń ṣí i sẹ́yìn.