Ìwé wà nílé, kọ̀ǹpútà ní kò sí

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ kan tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí irinṣẹ́ àgbẹ̀ wá bá mi ní láíbìrì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti wá 'ọkọ́' títí, kọ̀ǹpútà ní kò sí." Mo mú un lọ sáàárín àwọn pẹpẹ, mo fa ìwé náà yọ. Eruku ti bò ó. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ibi iṣẹ́ yìí.

Mo padà wá wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ṣeré rárá, àmọ́ ìlà kékeré ló fi sábẹ́ o: o̩. Ọmọ yẹn lo èyí tó ní tótó: ọ. Lójú èmi àtẹ̀yin, ọ̀kan náà ni. Ti kọ̀ǹpútà wa kọ́: nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, U+1ECD ni ti tótó, o lásán tí wọ́n fi U+0329 há lábẹ́ sì ni ti ìlà.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ní kí n kúkú máa yọ gbogbo àmì dànù kí iṣẹ́ lè yá. Ó dùn mí gan-an. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ èrò, àti oko fúnra rẹ̀, gbogbo wọn á wá di "oko"!

Mo máa ń rántí Dorothy Porter, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Howard University lọ́dún 1930. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ láíbìrì Amẹ́ríkà tó ń lo Dewey, ìlànà tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí, ló ń rọ́ ìwé aláwọ̀ dúdú sí 326, ti oko ẹrú, tàbí 325, ti ìmúnisìn. Ìwé ewì gan-an, ibẹ̀ náà ni. Obìnrin yìí kọ̀ jálẹ̀, ó dá ewì padà sáàárín ewì.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: mo tún àkọlé kọ pẹ̀lú tótó àti àmì ohùn tó pé. Mo sì kọ èyí tí kò lámì sí 246, ìyẹn àyè tí a máa ń kọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà kọ àkọlé sí nínú àkọsílẹ̀ ìwé, torí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń wá ìwé. Mo ti tún mẹ́tàdínlógójì ṣe. Ó ku orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ìyẹn ni mo máa dì mú ní Mọ́ńdè.