Ọdún Tí Mo Jí Fúnra Mi: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Bí ẹ bá bi ọmọ Ìjẹ̀bú léèrè lọ́jọ́ iwájú pé ọdún wo ni 2025, yóò dá yín lóhùn pé ọdún tí Awùjalẹ̀ wàjà ni, nítorí pé Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje, ni Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọ̀gbàgbà Kejì, tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960, re ibi àgbà ń rè. Èmi náà bá ìlú kẹ́dùn, mo sì wọ aṣọ dúdú. Ṣùgbọ́n kí Kábíyèsí má bínú sí mi: kí Oṣù Keje tó dé, ọdún tèmi ti wó. Oṣù Kẹta ni ó wó, nígbà tí a wà nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ní ìdájí ọjọ́ kan tí aago márùn-ún kọjá tí fóònù mi kò dún. Ohun yòówù tí ó tún ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún yìí, bí mo bá tilẹ̀ rántí rẹ̀, ẹ̀yìn ìdájí yẹn ni ó fara pamọ́ sí. Ojúde Ọba ti Oṣù Kẹfà kọjá, ẹgbẹ́ wa wọ aṣọ olówó ńlá, wọ́n sì yan dáadáa gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́. Èmi kò mọ àwọ̀ aṣọ náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ mo ti san owó rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ Àǹtí mi, Ìyá Tóyìn ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun ni ó dá àlùfáà dúró láàrin ìwàásù ní ọjọ́ Ìkórè tí mo ròyìn rẹ̀ fún yín, tí ó ní kí ó jọ̀wọ́ tún ẹsẹ Bíbélì náà wò, nítorí pé kò sí níbi tí ó wí. Òun náà ni ó máa ń pè mí ní aago márùn-ún ìdájí, òjò ìbáà máa rọ̀, iná mànàmáná ìbáà ti lọ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, láti gbàdúrà fún mi, fún ọkọ mi, fún àwọn ọmọ, àti fún àwọn ènìyàn kan tí n kò mọ̀ rí. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni ipa tí èmi ń kó nínú àdúrà náà. N óò ti fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, n óò dẹ etí sí i, n óò sì máa bá oorun mi lọ; bí mo bá ti gbọ́ tí ohùn rẹ̀ lọ sókè, n óò ní, "Àmín." Kò ní yà mí lẹ́nu bí mo bá ti ṣe àmín sí àdúrà tí ó ń gbà fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Éútíkù, ọ̀dọ́mọkùnrin Tíróásì tí oorun gbé lọ nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù títí di ọ̀gànjọ́, ojú fèrèsé àjà kẹta ni ó ti já bọ́. Èmi kò tilẹ̀ ní ibi tí n óò já bọ́ sí. Orí ibùsùn ni mo wà tẹ́lẹ̀.

Àǹtí mi sì mọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, láàrin àdúrà, mo gbọ́ tí ó ní, "Olúwa, ẹni tí ń hanrun yìí náà, má ṣe gbójú fò ó." Mo ṣe àmín sí i.

N kò ní kọ púpọ̀ nípa bí ó ṣe lọ. Ó ní ó rẹ òun. Àwa náà rò pé àárẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìsìnkú, ìyẹn rọrùn láti sọ. Àǹtí mi ti fi ẹnu sọ ọ́, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa màlúù nítorí òun, kí a má sì dá aṣọ ẹbí. Ìjẹ̀bú ni wá. Màlúù tí a pa ga ju àlùfáà tí ó sin ín lọ, aṣọ ẹbí sì jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Mo dúró ti ìkòkò ọbẹ̀, mo ń pín ẹran, mo sì ń retí pé yóò yọ láti ẹ̀yìnkùlé, yóò wá bú wa bí ó ti yẹ.

Ìgbà tí àlejò ti lọ tán ni mo tó rí irú ipò tí mo wà níwájú Ọlọ́run. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ni mo jẹ́ nínú ìjọ. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ Ìkórè, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo wà níbi tí àwọn ìyá ti ń pàdé, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè mí ní ọ̀lẹ, mo lè kó ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé jáde láti fi dá a lóhùn. Síbẹ̀, ní ìdájí tí kò sí ẹni tí yóò pè mí mọ́, mo jókòó sí etí ibùsùn, mo ní kí n gbàdúrà, mo sì rí i pé n kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ. Inú kò bí mi sí i nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bí mi. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Ògúnná ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mo ti fi ń dáná láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ààrò tèmi, n kò fi igi sí i rí.

Ìjọ Éfésù inú Ìfihàn orí kejì ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìjọ náà kì í sùn rárá. Olúwa fúnra rẹ̀ yìn wọ́n fún iṣẹ́ wọn, fún làálàá wọn àti fún sùúrù wọn, ó sì yìn wọ́n pé wọn kò lè gba àwọn ẹni búburú mọ́ra, kí ó tó wá sọ pé wọ́n ti fi ìfẹ́ wọn ìṣáájú sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ yìí, ẹlòmíràn ni mo máa ń rò mọ́ ọn, pàápàá àwọn tí kì í wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ wa. Ìmẹ́lẹ́ tí ń bá onígbàgbọ́ jà ní ìlú tiwa yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá a lára ẹni tí ó káwọ́ gbera. Iṣẹ́ ìjọ ni ó sábà máa ń fi bo ara. Ènìyàn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètò ìsìn ìdúpẹ́ láìdúpẹ́.

Mo kọ́kọ́ wá ìsọjí lọ. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìsìn òru ńlá kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo kọrin, mo sunkún, mo sì fi ohùn tí ó há padà sílé. N kò ní sọ̀rọ̀ ìsìn náà láìdára, nítorí pé ẹkún yẹn ṣe mí láǹfààní. Òun ni àkọ́kọ́ tí mo sun láti ìgbà ìsìnkú. Ṣùgbọ́n kí Ọjọ́rú tó dé, mo ti padà sí ipò mi. Mo tún ọ̀rọ̀ Éfésù náà kà, mo sì kíyè sí i pé Olúwa kò ní kí wọ́n dúró títí ara wọn yóò fi yá. Ó ní kí wọ́n rántí ibi tí wọ́n ti ṣubú, kí wọ́n ronúpìwàdà, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ìṣáájú. Mo ṣì ń ronú ibi tí irú mi yóò ti rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí fóònù mi dún ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Obìnrin kan tí ń ta obì ní Ṣágámù ni. Ó kí mi kú ara fẹ́ra kù, ó sì bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yóò máa pè wá báyìí?" Mo ní, "Ẹ̀yin wo?" Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni Àǹtí mi ń jí nítorí rẹ̀. Aago márùn-ún ni tèmi. Ó ń pe àwọn kan ṣáájú mi, ó sì ń pe àwọn kan lẹ́yìn mi: ẹni tí ń ta obì yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè tí ó ti ń ronú àtifi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tọkọtaya àgbàlagbà kan tí gbogbo ọmọ wọn wà lókè òkun, àti àwọn mìíràn tí mo ń bá pàdé títí di ìsinsìnyí. Mo gba obìnrin náà nímọ̀ràn pé kí ó lọ rí àlùfáà ìjọ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àlùfáà náà wà lára àwọn tí wọ́n ń pè, mà."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí pé n kò ní ọ̀rọ̀ tèmi, mo ṣí Ìwé Àdúrà, mo sì ń ka èyí tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ẹ ń kà á ni, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n rọra máa kà á, kí òun lè rí ibi ṣe àmín.

Inú Ìwé Àdúrà Àǹtí mi, èyí tí Tóyìn kó fún mi, ni mo ti rí ọ̀nà tí òun náà ń gbà. Ẹ̀yin ará Áńgílíkà mọ̀ pé Sáàmù 150 ni ó wà nínú ìwé náà. Ó pín wọn sí ọgbọ̀n ọjọ́, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tí ó bá tẹ̀lé e lè kà wọ́n tán lóṣooṣù. Mo mọ ètò yìí láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, n kò sì dán an wò rí. Mo gbọdọ̀ sọ òtítọ́ fún yín pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò rọrùn: Sáàmù 78 nìkan ni, ẹsẹ rẹ̀ sì lé ní 70, ó sì dá mi lójú pé ẹni tí ó pín in kò ní ìkòkò lórí iná. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé Sáàmù kì í bèèrè bí ara mi ṣe rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí inú mi dùn, ẹkún lè kàn mí. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run jà, ìyìn ni yóò kàn, n óò sì kà á pẹ̀lú ìbínú. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ó ní Sáàmù 88, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú igbe tí ó sì parí sínú òkùnkùn láìsí ìtùnú kankan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á sókè lórí fóònù, ẹni tí ń ta obì ní kí n jọ̀ọ́ tún ìparí rẹ̀ kà. N kò lè tún un kà. Mo sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Ìtàn kan wà tí Àǹtí mi fẹ́ràn láti máa sọ, Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tí ó pa ènìyàn kárí ayé dé ilẹ̀ wa, àgbàlagbà kan tí ń tọ́jú ilé Ọlọ́run ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's lá àlá. Ó rí ìjọ náà ní apá méjì tí kò dọ́gba: apá kékeré wà nínú ìmọ́lẹ̀, apá ńlá wà nínú òkùnkùn, a sì fi yé e pé àwọn tí ń gbàdúrà ni ó wà ní apá kékeré. Joseph Shadare àti àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbàdúrà, olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, darapọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tí ó di 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà nítorí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọdé àti nítorí pé wọn kò fara mọ́ lílo oògùn. Gbòǹgbò Christ Apostolic Church sì wà lára ẹgbẹ́ yẹn. Èmi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi o, Àǹtí mi náà kò sì fi tirẹ̀ ṣeré. Àlá yẹn ni ó jẹ ẹ́ lógún. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, yóò yí ojú sí mi, yóò ní, "Ìwọ ńkọ́, apá wo ni o wà?" Mo máa ń dá a lóhùn pé ibi tí fáànù bá ti ń fẹ́ dáadáa ni mo wà. Ní ọdún yìí, ohun tí mo ń rò nínú ìtàn náà ni bí wọ́n ṣe kéré tó, àti pé àjàkálẹ̀ àrùn ni ó kó wọn jọ. Mo lérò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì ń rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnì kan yóò máa retí ẹnì kejì.

Ṣé ìtara ti padà? Ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ ẹnu mi. Àwọn ìdájí kan wà tí aago ni mo ń wò ju Ọlọ́run lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ń gbọ́, mo sì mọ abẹ́ ìrọ̀rí tí ó ti ń gbọ́. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹsàn-án, mo jí ṣáájú aago ìtanijí ní ọjọ́ kan, mo sì rí i pé mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kí n tó rántí pé ó yẹ kí n gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni, kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀ kan. Inú mi dùn, mo sì na ọwọ́ sí fóònù láti sọ ọ́ fún ẹni tí yóò yé jù lọ. Ó yá, ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, tí ó fara da ohùn mi ní ìdájí, tí òun náà sì ti ń ṣe àmín láti abẹ́ aṣọ ìbora, láìlajú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ Ìkórè, tí mo kọ̀wé sí pé n kò ní ṣe akọ̀wé wọn mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀, tí wọ́n sì ti ń bá mi gbàdúrà báyìí nítorí pé mo ń fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ Olúwa.

Òní ni 31 Oṣù Kejìlá. Ìwé Àdúrà kò ya Sáàmù sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, nítorí náà ti àná ni a óò tún kà, kí a tó lọ sí ìsìn àìsùn ọdún. Ẹni tí ó kù tí n kò tíì lè pè ní ìdájí ni Bàbá Tóyìn. Láti Oṣù Kẹta, kò gbàdúrà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á fún òun. Ó ní ẹni tí ń gbàdúrà nínú ilé òun ti lọ, kí a jẹ́ kí ilé náà sinmi. N kò ní èsì fún un, n kò sì gbìyànjú láti wá èyíkéyìí. Mo kàn bi í bóyá mo lè wá kí wọn ní ọjọ́ ọdún tuntun. Ó ní mo lè wá, bí n kò bá ti ní sọ pé kí òun kúnlẹ̀, bí mo bá sì gbé ìkọ́kọrẹ́ dání, kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀, nítorí pé èyí tí mo sè nígbà ìsìnkú kò ní láárí. Mo ti ra ewùrà.