Kọ̀ǹpútà kò boot mọ́ lẹ́yìn tí ẹ tún háádì dísìkì pín? Ẹ má tíì fọ̀ ọ́ nù

Bí ẹ bá pa ìpín (partition) kan rẹ́, tàbí ẹ fa òmíràn gùn, tí kọ̀ǹpútà wá ya ojú dúdú sí yín, ẹ má sáré fi Windows tuntun sí i. Nínú irú èyí tí mo ti tún ṣe, fáìlì kì í sábà sọnù. Atọ́nà ló ń bàjẹ́, ìyẹn ètò kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí Windows wà.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó kọ síta. "BOOTMGR is missing" sábà máa ń jáde lórí dísìkì MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín dísìkì), nígbà tí àmì "active" bá wà lórí ìpín tí kò ní fáìlì BOOTMGR. Bó bá jẹ́ 0xc000000e, BCD, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí atọ́nà ń kà, ń wá Windows níbi tí kò sí mọ́. "grub rescue>" ní tirẹ̀, ti Linux ni; GRUB ni atọ́nà tiẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ìpín 100 MB kan báyìí tí kò ní lẹ́tà. Àwọn èèyàn á rí i, wọ́n á ní ó kàn ń gba àyè lásán, wọ́n á pa á rẹ́. EFI nìyẹn o! Inú rẹ̀ gan-an ni atọ́nà ń gbé.

Ẹ fi fílàṣì tí wọ́n fi ń fi Windows sórí kọ̀ǹpútà tan án. Bó bá ti béèrè èdè, ẹ tẹ Shift+F10. Nínú ojú dúdú tó yọ, ẹ tẹ "diskpart", lẹ́yìn náà "list vol". Ẹ má gbára lé lẹ́tà níbí, nítorí ó máa ń yí: C lè ti di D. Bí ìpín ṣe tóbi tó ni kí ẹ wò, àti FAT32, irú ètò fáìlì tí EFI ń lò. Ká ní nọ́ńbà 3 ni EFI: "sel vol 3", "assign letter=S", "exit". Ẹ tẹ "dir C:\" kí ẹ fi rí i pé fódà Windows wà níbẹ̀ lóòótọ́; bí kò bá sí, ẹ wo D:\, kí ẹ sì fi lẹ́tà tí ẹ bá rí i rọ́pò C nísàlẹ̀ yìí. Ó wá kan èyí:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Bó bá ní "Boot files successfully created", ẹ yọ fílàṣì, kí ẹ tún un tan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń forí kunkun sí "bootrec /fixboot", tí yóò sì máa dá wọn lóhùn pé "Access is denied". Lórí UEFI (ètò tuntun tó rọ́pò BIOS láti tan kọ̀ǹpútà), èmi kì í tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí EFI bá ti lọ pátápátá, inú diskpart náà ni kí ẹ ti dá òmíràn. Bí kò bá sí àyè, ẹ yan ìpín Windows, kí ẹ tẹ "shrink desired=300". Lẹ́yìn náà: "create partition efi size=260", "format quick fs=fat32", "assign letter=S", "exit", kí ẹ wá padà sí bcdboot. 100 MB tó fún ọ̀pọ̀ dísìkì, àmọ́ 260 ni mo máa ń lò torí àwọn dísìkì 4K (tí sẹ́kítọ̀ wọn jẹ́ báìtì 4,096). Bí dísìkì bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi "list disk" wo ìwọ̀n wọn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, bá wà lórí rẹ̀, ẹ ti wá kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 náà sílẹ̀.

Ní ti Linux, bí ẹ bá tẹ "ls" níbi "grub rescue" náà, yóò to àwọn ìpín sílẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi "ls (hd0,gpt2)/boot/grub", títí ẹ ó fi rí èyí tó ní fáìlì. Lẹ́yìn náà:

set root=(hd0,gpt2)
set prefix=(hd0,gpt2)/boot/grub
insmod normal
normal

Ìyẹn kàn gbé yín wọlé lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹ ṣe "sudo grub-install" àti "sudo update-grub" lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá tún ti kú, ibẹ̀ náà lẹ ó bá ara yín. Lórí MBR, ẹ fi orúkọ dísìkì kún ti àkọ́kọ́, bíi /dev/sda.

Bó bá ń wọlé àmọ́ tó dúró bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tó wá já sí "emergency mode", ẹ wo /etc/fstab, fáìlì tó to àwọn ìpín tí Linux máa ń ṣí bó bá ń tan. Ẹ fi UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín) tó wà níbẹ̀ wé èyí tí "blkid" bá gbé jáde. Ìlà ìpín tí ẹ ti pa rẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹ fi # síwájú rẹ̀, kí ẹ tún un tan.