Ẹ fi rọ́bà sílẹ̀ ná, ọ̀rá kéékèèké inú balùwẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí àwọn tó ń kọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí èèyàn ṣe lè dín ike kù ní balùwẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni pé ká kó gbogbo rọ́bà ṣaḿpù dànù ká lọ ra ìgò, ká ra búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi oparun ṣe, ká tún ra àwo ọṣẹ onígi. Owó ta? Ní Ìbàdàn níbí, ta tiẹ̀ ló ń da rọ́bà nù? Rọ́bà ṣaḿpù tó bá ti tán, wọ́n á rọ ọṣẹ olómi tí wọ́n ń pò tà ládùúgbò sí i, ike ìpara ńlá á di ibi tí wọ́n ń kó ríbọ́ǹnù àwọn ọmọ sí, èyí tó bá sì bọ́ síta, àwọn tó ń ṣa ike kiri á ti sọ ọ́ sápò kílẹ̀ tó ṣú torí kílò ni wọ́n fi ń tà á. Rọ́bà lólówó. Ọ̀rá ni ò lólówó.

Ẹ lọ wo gọ́tà ẹ̀yìnkùlé yín lẹ́yìn òjò. Sáṣẹ́ẹ̀tì ṣaḿpù, sáṣẹ́ẹ̀tì ọṣẹ ìfọyín, ọ̀rá tí wọ́n fi wé páàdì níkọ̀ọ̀kan, ọ̀rá tíṣù, ọ̀rá ọṣẹ, gbogbo ẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra wọn nídìí àwọn irin tí wọ́n fi dí ojú gọ́tà, omi ò ní ríbi gbà, á wá máa yà sójú títì. Kò sẹ́ni tó máa ṣa ìyẹn. Sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é, ike wà níta, bébà fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàárín, ike tún wà nínú, wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ débi pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ á náni ju ohun téèyàn máa rí níbẹ̀ lọ, ìyẹn ni àwọn tó ń yọ́ ike tún lò kì í fi í rà á. Wọ́n á bá dáná sun ún lẹ́yìn ilé, èéfín ẹ̀ á wọlé bá ọmọ. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn odò Ògùnpa, omíyalé 1980 àti ti August 2011, kò yẹ kó máa bèèrè ohun tí gọ́tà tó dí lè ṣe.

Mi ò wá bá ẹni tó ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì jà o. Ẹni tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́, tó fẹ́ fọ irun lónìí, sáṣẹ́ẹ̀tì lowó ẹ̀ ká. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 làwọn tó ń ra ńlá tẹ́lẹ̀ gan-an ti ń ra kékeré. Lóòótọ́ ìjọba Èkó fòfin de styrofoam, ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ní January 2024, wọ́n tún mú ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ gan-an mọ́ ọn ní July 2025, àmọ́ mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ sáṣẹ́ẹ̀tì ṣaḿpù. Torí ẹ̀, ohun tó bá dín ọ̀rá kù tó tún dín owó kù ni mò ń wá, mi ò wá ohun tó rẹwà ní fọ́tò.

Ọṣẹ dúdú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Eérú èèpo kòkó àti epo ni wọ́n fi ń ṣe é, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn tẹ́lẹ̀, ní báyìí ọ̀rá ni. Mo gbé abọ́ oníderí dání lọ sọ́jà, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi bù ú sínú eléyìí." Ìyá ọlọ́ṣẹ wò mí, ó ní, "Ìyàwó, o ò gba ọ̀rá ni?" Mo ní rárá mà. Ó ní, "Ìwọ ló mọ nǹkan tó ò ń ṣe, ọ̀rá ti wọ́n jù," ló bá fi èènì lé e, èènì gidi o, ìka mẹ́ta ló fi bù ú. Ó ń wẹ ara, ó ń fọ irun, àmọ́ ó máa ń gbẹ irun, kẹ́ ẹ fi omi ṣan orí yín dáadáa kẹ́ ẹ wá fi òrí pa á. Òrí náà, abọ́ ni mo fi ń rà á.

Kànrìnkànrìn ìbílẹ̀ ni tiẹ̀ ò lẹ́jọ́ rárá, ó ń họ ara ju sponge onínẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ ṣáà máa sá a sóòrùn kó má baà rùn.

Orín ń kọ́? Orín ata ni mo fi ń fọ ẹnu láàárọ̀, ìyẹn tó máa ń ta èèyàn lẹ́nu. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an ti sọ ọ́ láti 1986 pé kí àwọn tó ń lo orín máa lò ó lọ. Àmọ́ kò ní fluoride, èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín jẹrà, bíi ti ọṣẹ ìfọyín, torí náà búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò lálẹ́, ti àwọn ọmọ sì ni búrọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò lè torí gọ́tà jẹ́ kí eyín ọmọ jẹrà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni wáìpù. Wọ́n á nu ìdí ọmọ tán, wọ́n á jù ú sínú ṣáńgà, wọ́n á fọmi lé e, wọ́n rò pé ó ti lọ. Kò lọ o! Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni polyester, ìyẹn òwú tí wọ́n fi ike ṣe, wà nínú ẹ̀, kì í jẹrà bíi tíṣù. Nígbà tí sókàwéè ilé wa kún, àwọn tó wá fà á ń fi irin gígùn yọ wáìpù jáde, ó ti wé mọ́ra bí irun dídì, ọ̀gá wọn sì ní òun máa gba owó kún owó torí páìpù òun dí lẹ́ẹ̀mejì. Látọjọ́ yẹn, bùútà ló wà ní ṣáńgà ilé wa. Àwọn Mùsùlùmí ò tiẹ̀ nílò kí n sọ ìyẹn fún wọn.

Páàdì, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Aláṣọ tí wọ́n ń rán wà, mò ń lò ó nílé, ó ń fowó pamọ́, àmọ́ ó fẹ́ omi púpọ̀, ó sì fẹ́ oòrùn, kì í ṣe kéèyàn tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí ojú ń tì í. Ibi tí omi ò bá ti yọ, ẹ ra tọjà jàre.

Ọkọ mi ti padà sí résọ̀ onírin tí wọ́n ń fi bíléèdì sí, bébà ni wọ́n fi ń wé bíléèdì yẹn, èyí tó bá kú a máa jù ú sínú agolo mílíìkì tí a lu ihò tóóró sí lórí, ọwọ́ ọmọ ò lè wọ̀ ọ́.

Ọṣẹ ìfọyín ni mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí, torí ọ̀pọ̀ túùbù ẹ̀ náà, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ bíi sáṣẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tóbi jù ni mò ń rà, tó bá ti ń ṣe bíi pé ó tán, màá fi sísọ́ọ̀sì gé e láàárín, a ó wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú ẹ̀. Àwọn ọmọ ní ahun ni mí, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jà du ìdajì ti ìsàlẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló pọ̀ sí.