Zobo, omi eérú àti àwọn tíṣà tí n kò tíì fojú rí

Ọjọ́bọ, Abẹ́òkúta

Mo ti yọ ara mi kúrò nínú ọ̀pọ̀ gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n fi mí sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà. Fóònù mi sinmi, èmi náà sinmi. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tí mo bá ti sọ fún pé kẹ́místrì ni mo ń kọ́, ohun tó máa ń sọ ni pé "Jẹ́ kí n fi ẹ́ sí gúrúùpù kan." Gúrúùpù kan lè gba èèyàn 1,024, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì kún dẹ́múdẹ́mú. Kí ló wà níbẹ̀? Àdúrà òwúrọ̀, àdúrà oṣù tuntun, fídíò tí wọ́n ní kéèyàn fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kó tó sùn, àti àwọn tó ń ta lẹ́sìn nóòtì. Ọjà tí gbogbo èèyàn ti ń polówó, tí kò sẹ́ni tó ń ra nǹkan. Bí o bá béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, wọ́n á ní kó o lọ wo scheme, ìwé ètò ẹ̀kọ́, wọ́n á sì padà sórí àdúrà. N ò ní kí wọ́n má gbàdúrà o.

Ibẹ̀ náà ṣá ni mo ti rí ọ̀nà gbà jáde. Mo ti ń ka ìròyìn tí àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò WAEC máa ń kọ lẹ́yìn ìdánwò. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì WAEC, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tíṣà tó ń kà á ò tó nǹkan. Wọ́n máa ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n ti ṣubú: wọn ò kọ yúníìtì sí ìdáhùn, ìkúéṣọ̀n (equation) wọn ò dọ́gba. Mo mú ìbéèrè kan láti inú rẹ̀, mo gbé e sí ọ̀kan nínú àwọn gúrúùpù ńlá yẹn. Kò sẹ́ni tó dáhùn ní gbangba, ṣùgbọ́n obìnrin kan kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀: "Àbúrò, irú ìbéèrè yìí ò lè hù níbí. Máa bọ̀." Ó fi mí sí gúrúùpù kékeré kan, ti tíṣà kẹ́místrì nìkan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Jos ni, Màmá Jos la ń pè é. Ọ̀gá kan wà ní Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀fà kan wà ní Kano, àwọn yòókù fọ́n káàkiri.

Kí wọ́n tó kọ́ mi ní ohunkóhun nípa kẹ́místrì, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí kọ́. Bí o bá kọ ọ́ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí acid àti base," àwòrán ojú ìwé ni wàá rí gbà. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé nìyí: SS1, àwọn ọmọ ju àádọ́ta lọ, igo methyl orange (oje tí àwọ̀ rẹ̀ ń fi acid àti base hàn) tó wà ní làábù ti gbẹ, kò sówó, mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọ̀ ṣe ń yí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá Jos ti fèsì: "Se zobo. Má fi ṣúgà sí i, má fi atalẹ̀ sí i." Ọ̀gá Ọ̀yọ́ ní kí n wá ọsàn wẹ́wẹ́ fún acid, kí n sì da omi sórí eérú, kí n sẹ́ ẹ, kí n fi ìyẹn ṣe alkali, ìyẹn base tó ti yòrò sínú omi.

Eérú kẹ̀! Ṣé Abẹ́òkúta lèèyàn ti ń wá eérú? Ẹni tó bá mọ Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, mọ̀ pé omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń po aró látijọ́, torí èlú ò ní mú aṣọ bí kò bá sí alkali nínú ìkòkò. Caustic soda àti hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò báyìí, ó yá ju ti eérú lọ. Àmọ́ ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ìyá rẹ̀ àgbà ṣì ń sẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé e wá lónìí nínú ike omi, ó fi ọ̀rá méjì dì í. "Àǹtí, màmá àgbà ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó máa ń bó èèyàn lára."

Mo bu zobo sínú àwọn ife ike funfun. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, pupa rẹ̀ tàn sí i. Nígbà tó kan omi eérú, mo ní kí wọ́n máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe bí àlùkò, ó dúdú, ó wá di àwọ̀ ewé. Ariwo ta. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ó ti bàjẹ́!" Ọmọ tó gbé eérú wá, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló béèrè pé bí a bá tún da ọsàn sí èyí tó ti di àwọ̀ ewé, ṣé pupa á padà? Mo ní kó dà á. Ó hó yàà, ìfófòó bò ó lójú, pupa sì padà dé. Híhó yẹn ò sí nínú ètò mi rárá, òun gan-an ló sì di ẹ̀kọ́: potassium carbonate ló wà nínú omi eérú, bí acid bá sì ti pàdé carbonate, carbon dioxide á jáde. Mo nu ohun tó wà lójú pátákó, a kọ ìkúéṣọ̀n rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n mú un dọ́gba.

Zobo ò lè rọ́pò methyl orange nígbà titration o, níbi tí a ti ń kán acid sí base títí àwọ̀ á fi yí lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí, kò síbi téèyàn á nawọ́ sí pé ibí ló parí sí. A ṣì gbọ́dọ̀ ra igo yẹn kí wọ́n tó dé SS3.

Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí gúrúùpù lẹ́yìn iṣẹ́. Ife nìkan ni mo yà, kò sójú ọmọ kankan níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n ṣe ní 2023 wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ti ti òfin kúrò, n ò fẹ́ kí fóònù ẹlòmíì máa gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ kiri. Ọmọ Ọ̀fà ló kọ́kọ́ fèsì: "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin Ẹ̀gbá nìkan lẹ ní aláró ni? Ẹ wá wo Kofar Mata, ibi tí wọ́n ti ń pa aró ní Kano níbí." Ó ní bí òun ò bá rí omi eérú gbà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, káún lòun máa lò. Káún! Èyí tí mò ń fi se ewédú, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Màmá HOD wa, olórí ẹ̀ka wa nílé ìwé, ò sí nínú gúrúùpù kankan. Ó ní àwọn tíṣà ayé ìjọ́sí ò nílò fóònù kí wọ́n tó mọṣẹ́. Mo ní òótọ́ ni mà, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ara wọn. Ọmọ Abẹ́òkúta níbí, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, kó àwọn ọ̀gá ilé ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní 1926. Nígbà tí wọ́n dá NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, kó tó wá di ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School. Màmá gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Wọ́n ń rí ara wọn lójúkojú." Wọ́n wá fi kún un pé ọmọ tó gbé eérú wá yẹn, bí ọjà Ìtòkú bá ti ná, á pẹ́ kó tó dé, kí n má bá a wí. Kò sí gúrúùpù tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Lọ́la, bí mo bá ń darí bọ̀ láti ilé ìwé, màá ya Láfẹ́nwá ra káún. Ọmọ Ọ̀fà fẹ́ mọ iye ṣíbí káún tó máa tó ife zobo kan kó tó di àwọ̀ ewé, mo sì ti ṣèlérí pé màá wọ̀n ọ́n fún un kó tó di ọjọ́ Ajé.