Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń tọ́jọ́ rèé o

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bi mí pé báwo lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, aṣọ obìnrin tí kò pọ̀ ṣùgbọ́n tó dáa, ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí mi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ìjẹ̀bú Òde la wà o, ìlú tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti pa ẹran Iléyá tán, lọ́jọ́ kẹta ẹ̀ gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti múra tán fún Ojúde Ọba, aṣọ tuntun látòkè délẹ̀, tó bá dọdún tó ń bọ̀ òmíì tún ni, ká má tíì wá sọ ti òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Kí lẹ wá fẹ́ sọ fún obìnrin Ìjẹ̀bú kó má ra aṣọ púpọ̀ mọ́? Ẹ má sọ ọ́ rárá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí télọ̀ máa wàásù fún òun, wọ́n ti gbọ́ tó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Kí aṣọ tẹ́ ẹ bá rán fún un ṣáà dáa débi pé tó bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀, òun lọwọ́ ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fúnra ẹ̀ láá dín ìràkurà kù.

Àti pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé Òyìnbó ló kọ́ wa ní aṣọ tó ń tọ́jọ́ yìí. Àwọn ìyá àwọn ìyá wa níbí hun aṣọ olónà lórí òfì ìnàró, èyí táwọn Òṣùgbó, àwọn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, máa ń fi sí èjìká, kì í ṣe aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì o. Ẹ lọ ṣí àpótí ìyá àgbà yín kẹ́ ẹ wo ìró aṣọ òkè tó wà níbẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀, wọn ò gé nǹkan kan nínú ẹ̀, wọn ò wọn ìdí, wọn ò wọn àyà. Nígbà tí màmá sanra wọ́n ró o, nígbà tí wọ́n rù wọ́n ró o, wọ́n lọ tán ọmọ wọn gbé e ró. Tí ọ̀já kan bá gbó láàárín, wọ́n á tú u kúrò wọ́n á rán ìyókù pọ̀. Ẹ wá wo ohun tá à ń fi aṣọ òkè ṣe nísìnyí, a gé e wẹ́wẹ́ nítorí kọ́sẹ́ẹ̀tì, a lẹ gọ́ọ̀mùstéè tó ń mú aṣọ le mọ́ gbogbo inú ẹ̀, a to òkúta sí i lára, obìnrin wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lóyún, ó bímọ, aṣọ di ohun tó ń gbé kọ́ títí ayé. Èmi náà ń rán kọ́sẹ́ẹ̀tì o, ẹ má wò mí báyẹn, owó iná àti owó ṣọ́ọ̀bù ò mọ ìlànà. Ṣùgbọ́n sátìnnì tí àwọ̀ ẹ̀ bá aṣọ òkè náà mu ni mo máa ń fi rán ti òkè, màá wá fi aṣọ òkè sílẹ̀ ní ìró àti ìpèlé, láìgé e. Lọ́jọ́ òde wọn kì í mọ ìyàtọ̀ nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan ìyàwó ṣì ní ìró.

Aṣọ rírà ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ kó sí wàhálà. Ẹ ó dé ọjà Bálógun ní Èkó, ariwo á gba gbogbo orí yín, oníṣọ́ọ̀bù á ní "àǹtí mi, kọ́tìnnì gidi ni, ẹ fọwọ́ kàn án." Ọwọ́ nìkan ò tó. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ kọ́tìnnì, á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú ẹ̀ á sì rọ̀, á fọ́ wẹ́ẹ́ láàárín ìka. Tó bá jẹ́ polyester, yíyọ́ ló máa yọ́, á rùn bí ọ̀rá, á wá dì sí kókó dúdú líle lẹ́nu fọ́nrán yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí eérú tẹ́ ẹ tún rí kókó, wọ́n ti lú u pọ̀ nìyẹn. Mi ò sọ pé polyester ò wúlò o, láínìnì ńkọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ta á fún èèyàn ní owó kọ́tìnnì, kó wá máa làágùn nínú oòrùn ọ̀sán kó máa ṣépè fún yín. Ti àńkárá, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà: wax gidi, ojú méjèèjì ni àwọ̀ ẹ̀ máa ń mú dọ́gba, èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ lójú kan, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń funfun. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bíi Vlisco, tí iléeṣẹ́ ẹ̀ ti wà ní Helmond nílẹ̀ Netherlands láti 1846, fi máa ń wà lọ́wọ́ àwọn màmá títí tí ọmọ wọn á fi jogún ẹ̀. Ẹ bá mi rẹ aṣọ náà sómi mọ́jú, ẹ sá a síbòji, kẹ́ ẹ tó gbé àlùmọ́gàjí sí i. Aṣọ tó bá máa sún, ọwọ́ yín ni kó ti sún, kì í ṣe lára kọ́sítọ́mà.

Inú aṣọ ló wá kù, ibẹ̀ gan-an nìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí kọ́sítọ́mà ò rí lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ lòun náà máa fi dá yín mọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ fi íǹṣì kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí etí gáùn nísàlẹ̀ ní tó íǹṣì mẹ́ta nínú, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé Àgọ́ Ìwòyè tó ṣì ń ga. Ẹ wíìfì etí ẹ̀ kó má baà tú, tàbí kẹ́ ẹ ká a sínú kẹ́ ẹ tún un rán. Kẹ́ ẹ tó fi láínìnì bò ó, ẹ gé èékù aṣọ yẹn kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ lọ́ ọ mọ́ inú nísàlẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tó lé. Lọ́jọ́ tí iná sìgá bá dá a lu lóde àríyá, aṣọ tí wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́ wà lára ẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti bá a fọ̀, ó ti bá a ṣá, àwọ̀ wọn ò ní yàtọ̀. Zíìpù ni kẹ́ ẹ má ṣe ahun sí láéláé, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ inú aṣọ dáadáa, ẹ lọ ra jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà kan tó ti pẹ́, ẹ mú bíléèdì, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé apá ẹ̀ sí i àti ohun tí wọ́n fi sẹ́yìn àpò tí kò fi ya. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi ní ìránṣọ tó jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà, mo sì ní ọ̀gá tó dáa o.

Ní ti iye owó, ẹ ó gbọ́ ọ. Àlàájà kan wọlé, wọ́n gbé gáùn mi wò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta? Èyí tí mo rà lórí fóònù, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni." Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wọ̀ ọ́, mà?" Wọ́n ní bóyá ẹ̀ẹ̀mẹrin, abíyá ẹ̀ ti ya. Mo ní ẹ ti ná ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ nìyẹn mà, tẹ́ ẹ bá wọ tèmi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì, kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìjẹ̀bú ni mí lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé aṣọ tó pọ́ọ́kú jù, ẹnì kan ń san owó tó kù níbòmíì. Ní 24 April 2013 ni ilé Rana Plaza wó ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ fáwọn iléeṣẹ́ ńlá ńlá ilẹ̀ Òyìnbó, àwọn tó kú lé ní 1,100, wọ́n sì ti rí i pé ògiri ń sán lọ́jọ́ tó ṣáájú, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọlé wá ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ bíi tiyín ni wọ́n o. Èmi ò lè gbàgbé, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń san owó ọmọ iṣẹ́ mi kí n tó ka èrè.

Ẹ ò ní rí owó kíákíá níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Láti oṣù kejì títí Iléyá fi máa súnmọ́, ọjà lè dákẹ́ lọ báyìí, kọ́sítọ́mà tí aṣọ ẹ̀ ò tètè gbó ò ní tètè padà wá, àbí? Àtúnṣe ló ń bọ́ mi nígbà yẹn: títú ẹ̀gbẹ́ fún ẹni tó sanra, sísọ gáùn gígùn di bùbá, pípààrọ̀ zíìpù. Ẹ gbowó ẹ̀ dáadáa, ẹ má máa sọ pé "ẹ mú nǹkan wá, mà", iṣẹ́ ni. Ti èyí tí mo rán fúnra mi, ọdún àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má kó sítáìlì ogún jọ, mẹ́rin márùn-ún tó bá mọ́ yín lọ́wọ́ ti tó, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ àwọ̀. Tí ẹnì kan bá sì gbé aṣọ wá ní Ọjọ́rú pé Sátidé lòun fẹ́ ẹ, ẹ rọra dá a padà.

Ìlàjì owó ni kẹ́ ẹ gbà kẹ́ ẹ tó wọn ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ra aṣọ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí tẹ́ ẹ bá fi owó ẹ̀ ra aṣọ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ tó padà sí Bálógun iye ẹ̀ á ti yí.