Wọ́n Ní Kí N Kọ Gbogbo Orúkọ Tí Mo Ti Jẹ́ Rí

"Kí lo jí?"

Ohun tí màámi kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù nìyẹn, nígbà tí mo sọ fún wọn pé ilé-ìwé ọmọ mi ní Manchester fẹ́ rí ìwé tó fi hàn pé n kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí n tó lè máa jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n máa tẹ́tí sí ìwé tí wọ́n ń kà. Wákàtí kan péré ni. Kò sówó níbẹ̀. Tíì ni wọ́n máa ń fún mi, tíì ọ̀hún kì í sì í ní ṣúgà. Màámi dákẹ́ díẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, wọn ò sanwó fún ọ, o tún ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá yẹ ìwà rẹ wò?"

N kò bá wọn jiyàn. Ogún ọdún ó lé ni màámi fi ta ọ̀ọ̀lẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òmù-Àrán, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Wolé-wolé nìkan ló máa ń wá wo èékánná wọn, tó ń wò ó bóyá wọ́n bo ìkòkò. Ohun tó kù, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n: ọmọ ta ni wọ́n, ta ló fẹ́ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ECWA ni wọ́n ń lọ, gbèsè ẹ̀wà ta ló wà lọ́rùn wọn. Ọmọ tí kò bá rówó mú wá, wọ́n á bù fún un, wọ́n á fi sọ́kàn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n lọ mú ìwé-ẹ̀rí ìwà wá, ó ti bú ìdílé wọn nìyẹn.

DBS ni gbogbo wa ń pe ìwé náà níbí. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú arúgbó ní England tí kò mọ̀ ọ́n, "Ṣé DBS rẹ ti jáde?" ló máa ń tẹ̀lé "Ẹ kú àbọ̀." Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní í sanwó rẹ̀. Bí o bá bá wọn jáde lọ wo ẹranko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí tíṣà wà pẹ̀lú yín, wọn kì í sábà béèrè rẹ̀. Ẹni tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rò pé kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ibi tí mo ti gbé láàárín ọdún márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo. Oṣù mẹ́ta tí mo fi sùn sí pálọ̀ ọmọ ìjọ wa kan nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ní 2022 ńkọ́, níbi tí n kò ti ní bíìlì kankan tó jẹ́ orúkọ mi? Ilé tí mo gbé ní Táńkẹ̀, ní Ìlọrin, ńkọ́? Kò ní nọ́ńbà. Ilé kejì sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ni.

Èyí tó wá dá mi dúró ni pé kí n kọ gbogbo orúkọ tí mo ti jẹ́ rí. Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Bàbá mi sọ mí lórúkọ, ìyá bàbá mi sọ mí ní tiwọn, àwọn àna mi náà ní èyí tí wọ́n ń pè mí. Tíṣà ilé-ìwé ọmọ ìsinmi ló sọ mí ní Comfort, mo sì jẹ́ ẹ títí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lórí ìwé WAEC mi, wọ́n yọ lẹ́tà kan kúrò nínú orúkọ bàbá mi. Lórí páásípọ́ọ̀tù, orúkọ ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Mo bi obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé bóyá oríkì wà lára rẹ̀. Ó ní kí ni oríkì. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, mo tilẹ̀ kì díẹ̀ nínú oríkì orílẹ̀ wa fún un. Ó gbọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ọ̀rẹ́ mi, àfìgbà tí mo gbọ́ ohun tí orúkọ kan ṣoṣo tí wọn ò wá ti fà rí ní ilẹ̀ yìí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Holly Wells àti Jessica Chapman, jáde nílé ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Soham, wọn kò padà wá mọ́. Ian Huntley, tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé girama ìlú náà, ló pa wọ́n. Kí ó tó dé Soham, ó ti gbé ní agbègbè Humberside. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀sùn lórí rẹ̀ léraléra nítorí ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi lórí ìkankan, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀. Nígbà tó wá iṣẹ́ ní Soham, Nixon, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, ni wọ́n fi wò ó nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá. Wọn kò fi Huntley wá a. Ọkùnrin kan, ìlú méjì, orúkọ méjì. Ìjọba ní kí Michael Bichard wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004, ibẹ̀ sì ni òfin ọdún 2006 ti wá, èyí tó tún ètò bí wọ́n ṣe ń dí ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọmọdé ṣe. Àjọ DBS fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Títí dòní, àyè kan wà nínú ìwé náà fún ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá bá rí pé ó yẹ kí ilé-ìwé mọ̀, bí ilé ẹjọ́ kò tilẹ̀ dájọ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìwé tèmi dé. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ilé-ìwé; èmi ni mo gbé e lọ fún wọn. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀: kò sí àkọsílẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màámi, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn, mo kà á.

"Ṣé pé wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn?"

Màámi kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo lò ní Kwara kò sí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá England. Bí mo bá ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní ìkà ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé yẹn ì bá mọ́ tónítóní. Ilé-ìwé náà mọ èyí. Wọ́n gba orúkọ ẹni méjì tó lè jẹ́rìí mi, wọ́n sì béèrè ohun tí mo mú bọ̀ láti ilé.

Ohun tí mo mú bọ̀ ni ìwé-ẹ̀rí ìwà tí ọlọ́pàá Nàìjíríà fún mi nígbà tí mò ń wá físà. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n tẹ̀. Ìlú Ọba ló sì béèrè rẹ̀, torí pé arúgbó wọn ni mo fẹ́ tọ́jú. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà ni mo ti fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni ní Ìlọrin kí n tó ronú físà. Ohun tí màdámù tó ni ilé-ìwé bi mí ni pé ṣé mo lè kọ́ Ìṣirò, àti pé ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó wo NCE mi fìrí, ó dá a padà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ ṣe lẹ́sìn láti ilé dé ilé. Àwọn òbí á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á nawọ́ sí yàrá tí ọmọ wà, wọ́n á kọjá sọ́jà. Mo jẹ́ obìnrin, mo máa ń borí, mo ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́: ìwé-ẹ̀rí mi nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń ṣí fún wọn.

Kì í ṣe pé a ò mọ ìwádìí ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wá fẹ́ ọmọ yín.

Ọ̀fà ni ọkọ mi ti wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa di ti ilé, bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n rán lọ sí Ọ̀fà, bí ẹni tó ń wá èlùbọ́ rà. Ọjọ́ méjì ni bàbá náà lò. Wọ́n jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n jókòó nídìí ayò, wọ́n ra èlùbọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò fẹ́ràn ìdílé ọkọ mi rárá (ọgbọ́n àgbà nìyẹn o, ọ̀tá kì í gbàgbé nǹkan). Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń lu ìyàwó? Ta ló jẹ gbèsè tí kò san? Irú ikú wo ló pa ìyá àgbà? Nígbà tí wọ́n fi padà dé, wọ́n ti mọ ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí bàbá bàbá ọkọ mi jà, tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí. Àjọ DBS ì bá gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Gbogbo ọgbọ́n yẹn, ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ wa níyàwó la fi ń dè. Ẹni tó fẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, a kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sí ìlú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní pírámárì karùn-ún, tíṣà kan wà tí a máa ń sá fún. Àwa ọmọbìnrin mọ̀. Bó bá ránni níṣẹ́, méjì-méjì la máa ń lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí àwọn àgbà, wọ́n pàdé ní pálọ̀ ẹnìkan. Wọ́n ní kí ariwo má pọ̀, kí orúkọ ọmọ náà má baà bàjẹ́ kó tó dé ilé ọkọ. Wọ́n fún tíṣà ní òru kan láti kó ẹrù rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́, gbogbo wa sì rò pé ó tán. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi rí i ní ìlú mìíràn, ibi tí ọkọ̀ ń dé kí wákàtí kan tó pé, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ jókòó níwájú rẹ̀. Ìlú wa mọ̀. Ìlú kejì kò béèrè, ìlú wa kò sì ránṣẹ́.

Ní 2019, ìjọba Nàìjíríà gbé àkójọ orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ àti irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ló sì ń mójú tó o. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀ kì í ṣe ilé ẹjọ́.

N kò sì sọ pé gbogbo ìṣe wọn níbí ló wù mí. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ọmọ kan tí kò ju ọdún márùn-ún lọ fi orúnkún gbálẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ní Òmù-Àrán, ǹ bá ti gbé e kí n tó mọ̀. Níbí, mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá tíṣà ń rí mi. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà rí i pé mo ń rò ó. Ó ṣì ń dùn mí.

Oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo lọ sílé. Mo háyà ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló wà á, ó ń pè mí ní "mọ̀mí." A gba Ìdọ̀fíàn, a gba Àjàṣẹ́, a dé Òmù-Àrán kí oòrùn tó mú. Kí n tó délé rárá, mo ní kó yà sí ilé-ìwé mi àtijọ́, torí páálí bísíkíìtì àti ìwé ọmọdé tí mo kó bọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé kò mọ̀ mí rí. Mo ní, "Ọmọ Ìyá Ọlọ́ọ̀ọ̀lẹ̀ ni mí." Ó dìde fùú. "Háà, àǹtí wa! Ọ̀ọ̀lẹ̀ màmá ló tọ́ wa dàgbà." Ilẹ̀kùn kíláàsì ṣí. N kò fọwọ́ sí ìwé kankan, wọn kò fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn. Mo gbé ọmọ, mo ya fọ́tò, mo bá wọn jó. N kò rántí DBS rárá.

Àfìgbà tí mo wẹ̀yìn. Awakọ̀ ti gbé páálí bísíkíìtì wọ kíláàsì kejì, àwọn ọmọ ti rọ̀ mọ́ ọn yíká, tíṣà kankan kò sí níbẹ̀. Tíṣà wọn ti wá wo àlejò Ìlú Ọba. Nígbà tó yá, awakọ̀ ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ọ̀gá sì ní kí ọmọbìnrin méjì mú un lọ síbi kànga lẹ́yìn ilé. Àyà mi já. Mo fa ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ọmọkùnrin yìí?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi yé. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ mú un wá."

N kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibi kànga. Ó ń bá àwọn ọmọ náà fami ni. Ó ti pọn kún garawa kan, ó ń pọn ìkejì, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé okùn ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Orúkọ rẹ? Ọmọ ibo ni ẹ́? Pàkátà, ní Ìlọrin. Ilé wo ní Pàkátà? Ó dárúkọ rẹ̀. Kí ni ìyá rẹ ń tà? Gààrí ni, wọ́n sì máa ń ná ọjà Àjàṣẹ́. Lálẹ́, mo sọ ọ́ fún màámi bí ẹni ń pa ìtàn. Wọn kò fèsì, wọ́n kàn ní kí n bá wọn mú fóònù wọn wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì fọ ẹnu tán tí màámi fi pè mí. Wọ́n ti pe obìnrin kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn ti pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin. "Ilé rere ni. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ gbèsè. Kì í mu igbó. Ó fẹ́ ìyàwó kan, ìyẹn kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àna ló lé e, ẹjọ́ ọmọ náà kọ́." Wọ́n tú ewé ara ọ̀ọ̀lẹ̀ kan, wọ́n gbé e síwájú mi.

Awakọ̀ náà ti padà sí Ìlọrin láti ìrọ̀lẹ́ àná.